Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ bàbá ńlá wa ní Ìtòkò ń bó lára, àwọn kan sì fẹ́ kí á wó o: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÌdíÀpáta (ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọyẹ́ yìí náà. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síwájú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má kà á kọjá.

Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan sí Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, nísàlẹ̀ àpáta. Àwọn àgbà ilé ní owó ẹkùrọ́ tó ń fi rélùwéè kó lọ sí Èkó ló fi kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn: tí mo bá na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, láti ìgúnpá mi dé orí ìka kò kárí i. Yàrá mẹ́fà wà nísàlẹ̀, mẹ́rin wà lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì la àárín wọn kọjá. Ilẹ̀kùn àbáwọlé jẹ́ ìrókò tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àti òdòdó sí lára. Ojú oórì bàbá náà wà nínú yàrá kan nísàlẹ̀.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn a dáwó jọ, a pe bíríkìlà kan, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri níta láti òkè délẹ̀. Ó dán, inú wa dùn, a ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Òjò ọdún méjì ló rí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ní báyìí ó ń bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù, ó sì ń dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Ẹsẹ̀ ògiri tó kọjú sí àpáta ti jẹ wọlé tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Páànù ń jò ní ibi mẹ́ta, mo sì rí ipa ikán lára igi òrùlé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹnì kan ti fi owó lọ̀ wá. Ó fẹ́ wó ilé náà kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, àwọn kan nínú ẹbí sì ti ń gbọ́ tirẹ̀. Olórí ẹbí ní kí n mú èsì wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé náà bá ṣeé tún ṣe, kí n sọ bí a ó ṣe ṣe é àti ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí n jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Ọwọ́ ìyá àgbà mi ni mo dàgbà sí nínú ilé yẹn. Mi ò fẹ́ kó di àlàpà lójú mi.

Ará_Lafẹ́nwá (ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀: ojú ilé, ẹ̀yìn ilé, yàrá kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn yẹn ní pàtàkì. Ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, ẹ yà á sínú ìwé. Ẹ jókòó ti èyí tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ fi fóònù gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wa kú ni a tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó kọ́ ilé wa.

ÀgbàBíríkìlà (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òwúrọ̀)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mọlé. Kí n tó kọ́ iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù rárá, mo ti ń bá bàbá mi tẹ amọ̀. Ilé yín kò ṣàìsàn nítorí ó gbó. Sìmẹ́ńtì tí ẹ fi bò ó ló ń ṣe é.

Ògiri amọ̀ a máa fa omi díẹ̀ láti inú ilẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, bí atẹ́gùn bá fẹ́, omi yẹn á tún gba ara rẹ̀ jáde, ògiri á gbẹ. Bó ṣe ń ṣe láti ọdún dé ọdún nìyẹn. Bí o bá wá fi sìmẹ́ńtì dì í pa, omi tó ti wọlé kò rọ́nà jáde mọ́, ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì ló máa jókòó sí. Amọ̀ tó bá tutù a wú, tó bá gbẹ a sún kì. Sìmẹ́ńtì le gbagidi, kò lè bá a wú, kò lè bá a sún kì. Láìpẹ́ méjèèjì á kúrò lára wọn. Lọ fi ìka kan ògiri náà. Ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti fi ògiri sílẹ̀ níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì sán. Tó bá wá sán, òjò á gba ojú ibẹ̀ wọlé, ìyà ògiri á di méjì.

Ọyẹ́ yìí ni àsìkò rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù ńlá sún mọ́ ilé yẹn. Ibi tó ń dún òfìfo ni kí o fi ṣísù kékeré ká, bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri lọ sókè tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ó lè gbà tó oṣù kan. Níbi tí sìmẹ́ńtì bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri pinpin, má fi tipátipá ká a, amọ̀ ló máa bá a wá.

Ibi tó ti jẹ wọlé, má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì dí i. Amọ̀ tó ya lulẹ̀ níbẹ̀ ni kí o kó jọ, òun náà ni wàá tún pò. Bí kò bá tó, wá erùpẹ̀ tó jọ ọ́. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o bu tàtijọ́ sínú ìgò kan, kí o bu tuntun sínú ìkejì, kí o da omi sí méjèèjì, kí o mì wọ́n dáadáa, kí o sì gbé wọn kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á ti sùn sísàlẹ̀, amọ̀ á wà lórí rẹ̀. Bí ìpele wọn bá jọra, o ti rí ohun tí ò ń wá. Gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó má baà sán. Bu omi sí i, jẹ́ kó fi ọjọ́ mẹ́ta rin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ gé e bíi búlọ́ọ̀kù kéékèèké, kí ẹ sá a sí abẹ́ ibòòji, kí ẹ wá fi amọ̀ rírọ̀ tò ó sínú ihò yẹn.

Gbọ́ èyí dáadáa o: má ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ẹsẹ̀ bàtà méjì níbí, fo tẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣe méjì lọ́hùn-ún. Èyí tí o ṣe á gbẹ tán kí o tó padà sí èyí tí o fò. Kí òpó igi sì ti wà lábẹ́ àjà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ògiri tí kò ní ẹsẹ̀ kì í pariwo kó tó ṣubú.

Ọmọ_Ìjẹmọ̀ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà pé gbogbo sìmẹ́ńtì ló ń ba ilé amọ̀ jẹ́. Ilé bàbá mi, wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kàn mọ́ ara ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ó ti tó ogún ọdún, kò bó. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ bíríkìlà àkọ́kọ́ ni kò dáa.

ÀgbàBíríkìlà (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Ọmọ mi, orí òkè ni ilé yín wà àbí ìsàlẹ̀? Báwo ni páànù ṣe yọ sẹ́yìn ògiri tó?

Ọmọ_Ìjẹmọ̀ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Orí òkè ni, sà. Páànù yọ síta tó apá kan àbọ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ga, òkúta ni wọ́n tò kí amọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

ÀgbàBíríkìlà (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́)

Ohun tó mú un dúró nìyẹn. Omi ò dé ara rẹ̀ látòkè, ilẹ̀ ò sì fún un ní omi látìsàlẹ̀. Wáyà di sìmẹ́ńtì mú lóòótọ́ kó má já lulẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lé omi jáde. Lọ kan ògiri ẹ̀yìn ilé yín, lápá ibi tí ẹ ti ń wẹ̀, kí o wá sọ ohun tí o gbọ́.

ÌyáAláró_Ìtòkú (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ. Kò tíì sẹ́ni tó bi ọmọ yìí léèrè pé ta ló ń da omi sí ẹsẹ̀ ògiri yẹn.

Ògiri ẹ̀yìn ilé ìyá mi ya lulẹ̀ lójijì lọ́dún kan. A dá òjò lẹ́bi. Ìgbà tó yá ni a rí i pé àwa fúnra wa ni. Ibẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ àdìrẹ tí a bá yọ nínú aró, ibẹ̀ náà ni a ń da omi rẹ̀ sí, lójoojúmọ́, fún ọdún mélòó kan. Ọmọ mi, lọ wò ó: ṣé táǹkì omi wà lórí òpó nítòsí? Ṣé balùwẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé ẹnì kan gbẹ́ ṣalángá tàbí sọ́kàwéè sún mọ́ ọn? Omi tó ń sàn láti orí àpáta nígbà òjò, níbo ló ń gbà? Ìtòkò la wí yìí, àpáta kì í mu omi, gbogbo rẹ̀ ló máa rọ́ wá bá ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọdọọdún ni a ń rẹ́ ilé. Bí ọ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn obìnrin ilé á kó ẹbọ́tọ̀, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, jọ, a ó pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa, ọwọ́ wa la fi ń rẹ́ ẹ. Ó máa ń rùn lọ́jọ́ kìíní, tó bá gbẹ tán kò ní rùn mọ́. Òjò á wẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, èyí tí a rẹ́ ni òjò ń jẹ, kì í jẹ ògiri. Nígbà tí ọ̀ẹ̀rùn bá padà, a tún rẹ́ òmíràn. Iṣẹ́ ni o, mi ò ní purọ́, ọwọ́ máa ń bó. Ṣùgbọ́n ilé yẹn kò bàjẹ́ lójú wa. Ìgbà tí sìmẹ́ńtì dé ni a gbàgbé, a rò pé a ti rẹ́ ẹ tán láyé.

Adúróṣinṣin (Ọjọ́rú, òwúrọ̀)

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé bí ẹni pé kò séèyàn nínú rẹ̀. Ní àdúgbò wa, ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ wó lu ọmọ ayálégbé kan lóru lásìkò òjò. Ọmọ ọdún méje ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ògiri yẹn ti ń tẹ̀, gbogbo wa la ń sọ pé ilé àtijọ́ lágbára. Mo wà lára àwọn tó gbé e jáde. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí ògiri amọ̀ tó ti jẹ lẹ́sẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹ kó èèyàn jáde, ẹ wó o. Bàbá tó kọ́ ọ kò ní fẹ́ kó pa ọmọ rẹ̀.

ÌyáAláró_Ìtòkú (Ọjọ́rú, òwúrọ̀)

Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tu àwọn òbí rẹ̀ nínú.

Ẹnjiníà_Àsérò (Ọjọ́rú, ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Adúróṣinṣin, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yín ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù. ỌmọÌdíÀpáta, bí ẹnikẹ́ni bá ń sùn ní yàrá tó fara ti ògiri àpáta yẹn, lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ kó o kúrò lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí.

Wíwó wá kọ́ ni ohun tó kàn. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ògiri náà ń rìn. Níbi tó bá ti sán, ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà kọjá lórí ojú sísán náà, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ fi okùn tí ẹ so òkúta mọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ògiri, kí ẹ wọn àyè tó wà láàrin okùn àti ògiri lókè, láàrin, àti nísàlẹ̀. Ẹ tún un wò lọ́sẹ̀ méjì méjì. Sísán tó dúró sójú kan láti ọdún pípẹ́ kò bani lẹ́rù bí èyí tó ń fẹ̀ sí i. Bó bá ń fẹ̀, tàbí tí ikùn ògiri bá yọ síta, ẹ pe ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, kó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ti ṣiṣẹ́ lórí ilé amọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, kọnkéré nìkan ni wọ́n kọ́ wa níléèwé, ohun tí a ò mọ̀ ni a sì máa ń ní kí ẹ wó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ gọ́tà jíjìn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri nítorí pé ẹ fẹ́ lé omi. Ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kì í jìn. Ẹ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ wá fi ilẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ara ògiri lọ sínú gọ́tà náà.

Káfíńtà_Ìkèrèkú (Ọjọ́rú, alẹ́)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ògiri. Òrùlé ló kàn! Bí ẹ bá tún ògiri ṣe tán tí páànù ṣì ń jò, owó yín wọlẹ̀.

Ikán: ẹ má kàn da oògùn sí èyí tí ẹ rí lókè. Ẹ tẹ̀lé ipa amọ̀ tí wọ́n là títí ẹ ó fi dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Níbi tí igi bá ti kan ilẹ̀ ni kí ẹ ti gé ọ̀nà wọn. Ẹ fi ṣísù gún igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tó bá wọlé bíi búrẹ́dì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ fún ṣísù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìrókò àti àpá tí àwọn bàbá wa lò, ikán kì í fẹ́ràn ojúlówó wọn, ara funfun wọn ló máa ń jẹ. Pákó tí a ń rí rà nísinsìnyí kò tó wọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ ìrókò tó dára dànù, tí wọ́n fi pákó tútù dípò rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi kọ̀ndẹ́m ọ́ìlì kun igi. Èmi náà ti ṣe é rí, mo ti jáwọ́. Iná máa ń tètè ràn án, ó ń rùn wọ inú yàrá, kì í sì í dé inú igi. Ẹ ra oògùn igi gidi, kí ẹ kùn ún kí ẹ tó kan igi mọ́lẹ̀.

Páànù: bí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ bèèrè aluminium tó nípọn tó mílímítà 0.55. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ ṣe párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kọnkéré kúkúrú yí etí òrùlé ká, sí i kó lè dà bí ilé ìgbàlódé. Kọnkéré wúwo jù fún ògiri amọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, párápẹ́ẹ̀tì á gba omi mọ́ra sórí ilé, ewé á dí ojú ihò rẹ̀, omi á wá gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa bí tàtijọ́. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ìdí tí wọ́n fi fà á jáde.

Ṣé àjà ìsàlẹ̀ páànù kì í ṣe ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì? Bó bá jẹ́ òun, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan náà lèèyàn máa mọ̀. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ fi í síbẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ bu omi rin ín, ẹ bo imú, ẹ yọ ọ́ lódindi, kí ọmọdé má sí nítòsí.

Ọmọ_Ìjẹmọ̀ (Ọjọ́bọ̀, òwúrọ̀)

Mo lọ kan ògiri ẹ̀yìn ilé wa bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Iwájú dún ki. Ẹ̀yìn, lápá balùwẹ̀, ń dún bí ìlù láti ilẹ̀ dé àyà mi. Mo fi ọ̀bẹ ṣí ibì kan díẹ̀: wáyà yẹn ti dípẹtà, amọ̀ sì tutù. Ẹ ṣé o, Bàbá. A ti gbé omi ìwẹ̀ kúrò níbẹ̀ láti àná.

Agbẹjọ́rò_Kútọ̀ (Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí ẹni tó fẹ́ rà á. Bí bàbá ńlá yín kò bá fi ìwé ìhágún sílẹ̀ tó sọ nǹkan mìíràn, ilé ẹbí ni, gbogbo ọmọ àtọmọdọ́mọ ló ni í. Bí àwọn kan nínú ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pe ẹjọ́. Ẹ má sùn lé e lórí: ẹni tó bá mọ̀ tó sì dákẹ́ pẹ́, ilé ẹjọ́ lè má gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òfin nìkan lè pa ilé mọ́. Bí ìjà bá pọ̀ jù láàrin ẹbí, ilé ẹjọ́ náà lè pàṣẹ pé kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó rẹ̀. Ẹ pe ìpàdé. Kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni yóò máa gba owó ilé, ta ni yóò máa ná an, èló ni yóò máa kúrò nínú rẹ̀ fún àtúnṣe lọ́dọọdún. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Mo ti rí ilé tó dára ju èyí lọ tó bàjẹ́ nítorí pé àwọn mẹ́rin ń gba owó ayálégbé, kò sì sí ẹni tó ń ra páànù.

Ẹ lọ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ètò ìlú bóyá ilé náà wọ inú àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títì. Ó sàn kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó.

ỌmọẸ̀gbá_lÉkòó (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Èmi rò pé kí ẹ fi orúkọ ilé náà ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀ ní ibi ìrántí. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wó o mọ́.

Ará_Lafẹ́nwá (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Àbúrò, ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó níbẹ̀, Ilojo Bar tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́ nítòsí Tinúbú, ọdún 1956 ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ wà níbẹ̀, kò dá kátapílà dúró.

Mi ò ní kí wọ́n má gbìyànjú o. Ọ́fíìsì àjọ náà wà ní Abẹ́òkúta níbí, kí wọ́n kọ̀wé, kí wọ́n fi fọ́tò sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹbí máa ṣe tiwọn lọ. Ilé tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ni Jaekel House ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Ilé rélùwéè ni, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán. Ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Legacy 1995, ló tún un ṣe, lónìí ó ti di ibi tí wọ́n ń kó ohun ìrántí rélùwéè sí. Àwọn èèyàn tó nífẹ̀ẹ́ sí i ló jókòó tì í. Ilé Ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké ní ìjọ tó ń tọ́jú rẹ̀. Gbọ̀ngàn Sẹ́ńtínárì tí wọ́n kọ́ ní 1930, nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ní orúkọ. Ilé bí ti ỌmọÌdíÀpáta, ta ló ní bí kò ṣe àwọn ọmọ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ irú wọn ni èèyàn ń rí tó bá dúró lórí Olúmọ tó wo ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá tán, kí ló kù tí àlejò fẹ́ gun àpáta wá wò?

ỌmọẸ̀gbá_lÉkòó (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kéde Ilojo Bar kí wọ́n tó wó o. Ó dùn mí gan-an. Mo gba àtúnṣe yín, ẹ̀gbọ́n.

ỌmọÌdíÀpáta (ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́)

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Adúróṣinṣin, a ti kó ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì kúrò ní yàrá tó fara ti ògiri yẹn lọ sí iwájú ilé. Alẹ́ Ọjọ́rú ni a ṣe é.

Mo wá ibi tí omi ti ń wá, Màmá, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́, gọ́tà òkúta kan wà lẹ́yìn ilé tí èmi kò mọ̀ rí, òun ni àwọn àtijọ́ fi ń darí omi àpáta kọjá. Ẹnì kan kọ́ fẹ́ǹsì lé e lórí, pàǹtírí sì dí ìyókù pa. Ìkejì, táǹkì tí àwa fúnra wa gbé síbẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ń jò ní ìdí, ẹsẹ̀ ògiri ló sì ń jò sí. Mo dúró wò ó, omijé bọ́ lójú mi. A ti gbé táǹkì kúrò. Olórí ẹbí ti bá onífẹ́ǹsì sọ̀rọ̀, ó gbà kí a lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè kọjá.

Ìpàdé wáyé lánàá. Ìdí igi mẹ́ta nínú mẹ́rin ní kí a tún un ṣe, ìkẹrin ní àwọn fẹ́ rí owó. Ẹnì kan wá dábàá pé kí á sọ yàrá méjì tó wà níwájú di ṣọ́ọ̀bù, kí á lu ilẹ̀kùn sí ara ògiri tó kọjú sí títì, kí owó rẹ̀ lè máa wọlé. Ojú gbogbo wọn là sí i. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ó ṣeé ṣe?

ÀgbàBíríkìlà (ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́)

Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ògiri yẹn ló gbé òkè dání, má lu ihò tuntun sí i.

Káfíńtà_Ìkèrèkú (ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́)

Bàbá, kò ní láti jẹ́ ihò tuntun. Yàrá tó bá ní fèrèsé tó kọjú sí títì, igi àtẹ́rígbà ti wà lórí fèrèsé náà. Kí wọ́n fi ìbú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n gé amọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan délẹ̀, ó di ilẹ̀kùn. Mo ti ṣe é ní ilé méjì. Kìkì pé kí igi àtẹ́rígbà náà má tíì jẹrà.

ÀgbàBíríkìlà (ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́)

Òótọ́ lo sọ, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan o, kí ẹ sì wo igi yẹn fínnífínní. Ẹ má dé ọ̀dọ̀ ògiri àpáta títí òjò ọdún yìí yóò fi kọjá.

ÌyáAláró_Ìtòkú (ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́)

Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti wà nílẹ̀, èmi fẹ́ gba ọ̀kan fún àdìrẹ. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ilé bẹ́ẹ̀ máa ń tutù lọ́sàn-án, aṣọ kì í ṣá níbẹ̀. Mi ò ní da omi sí ẹsẹ̀ ògiri yín.

ỌmọÌdíÀpáta (ọjọ́ Àìkú, òwúrọ̀)

Màmá, ẹ ti gbà á nìyẹn. Màá sọ fún olórí ẹbí pé a ti rí ayálégbé kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lè yí ìdí igi kẹrin lọ́kàn padà.

Bàbá, ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká sìmẹ́ńtì òfìfo yẹn, láti ẹsẹ̀ ògiri iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá fojú ara yín wò ó?

ÀgbàBíríkìlà (ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán)

Má bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Dúró dè mí di Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ àárọ̀. Bu erùpẹ̀ ara ògiri sínú ìgò kan kí n tó dé, kí o bu èyí tó wà lẹ́yìn ilé sínú òmíràn. Kí Káfíńtà náà bá mi wá, kó gbé àkàbà tó ga dání.

Káfíńtà_Ìkèrèkú (ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán)

Mo ń bọ̀, sà. Màá gbé òpó igi mẹ́fà wá pẹ̀lú.